Ọwọ́ Tí Ó Ní Ọmọ Márùn-ún

Mo ń wa ọkọ̀ èédú láti ibi ìwakùsà dé ẹnu ibodè,
oṣù kan lọ, ọjọ́ mẹ́rin nílé.
Ẹni tó ń rìn báyìí kì í rí ọmọ níbi tó ti ń dàgbà,
ó kàn ń bá a pé ó ti dàgbà ni,
bí àlejò tó bá ìkòkò lórí iná
tí kò mọ ẹni tó gbé e kaná.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé,
gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni Nomundari fi ń mú nǹkan.
Ó gbá wàrà gbígbẹ mú bí ẹni gbá eṣinṣin,
ó fọ́n ọn sórí ẹní, ó rẹ́rìn-ín.
Ìyá mi ní, "Má dá a lóhùn.
Ọwọ́ ò tíì mọ̀ pé òun bí ọmọ márùn-ún."

Ìgbà kejì,
àtàǹpàkò ti rí ìfábẹ̀lá.
Àwọn méjèèjì pàdé lórí èérún wàrà kan,
wọ́n gbé e, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, títí dé ẹnu.
Mo ti gbé ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù kọjá aṣálẹ̀ Góbì,
n kò rí ẹrù tí wọ́n ṣọ́ra gbé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dalanzadgad,
olùkọ́ wọn, Oyunjargal, ní kí wọ́n fi amọ̀ mọ ràkúnmí.
Ti Nomundari ní iké mẹ́rin, kò ní ẹsẹ̀.
Ó ní ó jókòó ni.
Sísọ́ọ̀sì ń jẹ bébà mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ewúrẹ́.
Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ sí mi, ìlà kan ṣoṣo ni,
ó wọ́ lọ, ó wọ́ bọ̀, bí ipa táyà nínú yanrìn.
Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọkọ̀.
Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ mi bi mí pé kí ló kọ.
Mo ní ó ní kí n tètè dé.

Nígbà òtútù ni ìyá mi da egungun kókósẹ̀ àgùntàn sílẹ̀,
egungun olójú mẹ́rin:
ẹṣin, ràkúnmí, àgùntàn, ewúrẹ́.
Ẹṣin ni kó o ta lu ẹṣin; bó bá kan ewúrẹ́, o ta òfo nìyẹn.
Nomundari tẹ ìka, ó tú u sílẹ̀. Egungun ò mira.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Egungun fò kọjá sítóòfù, ó bọ́ sínú bàtà mi.
Ó tún tẹ̀ ẹ́.
Ó bú sẹ́kún.
Mo nawọ́ kí n bá a ta á, ìyá mi gbá mi lọ́wọ́
pẹ̀lú ìka tirẹ̀ tí òtútù ọdún àádọ́rin ti ká kò:
"Fi í sílẹ̀. Ìka tí a bá ń bá ta, kò ní í mọ títa."

Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀,
aṣọ tí wọ́n ta ní kókó, ihò rẹ̀ há bí ojú ẹni tó ń tòògbé.
Ẹ̀ńjìnnì mi ti ń kùn níta.
Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án.
Ó de ọ̀kan, ó sinmi.
Èkejì wọ ihò ẹ̀kẹta.
Bí ọrùn ẹ̀wù ṣe wọ́ nìyẹn tó fi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Oṣù tó kọjá, nọ́ọ̀tì kan já bọ́ sí kọ̀rọ̀ ẹ̀ńjìnnì,
níbi tí ọwọ́ mi tí epo ti dì ò lè wọ̀.
Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ kèrègbè.
Èmi ò rí kèrègbè rí; irin ni mo rí.
Nomundari gun àpótí, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá,
ó dijú.
Ìka ló fi ń wò.
Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́,
wọ́n mú un jáde, ó dúdú, ó ń dán.
N kò tíì sọ̀rọ̀ tó ti fi í sórí bóòtù,
ó ń yí i, ahọ́n rẹ̀ yọ síta,
ó ń yí i sódì.

Òtútù ń mú mi. Ibodè jìnnà.
Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àpò.